Alága Rídwàn àti Ọ̀gá Réluwé Apá Kejì

Ẹni tó bá ti jẹ alága ohunkóhun rí, ìbáà ṣe alága àwọn tó ń gbálẹ̀ àdúgbò, kó di àga rẹ̀ mú dáadáa kó tó ka ìtàn yìí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ náà kò yọ ara mi sílẹ̀. Mo ti ṣe igbákejì akọ̀wé ẹgbẹ́ kan rí fún oṣù mẹ́rin péré. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ìrìn mi yí padà, ohùn mi kì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí n tó dáhùn nígbà tí ìyàwó mi bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Nítorí náà, bí mo bá ń fi Alhaji Rídwàn Adétóyè ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni mo fi ń gbá ara mi létí.

Ọmọ Ọ̀fà ni Alhaji Rídwàn, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi dé ipò tó jẹ́ pé bó bá wọ ọ́fíìsì, ènìyàn mẹ́fà a fò dìde, ẹnì kan a sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó wọ pálọ̀ ilé rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyàwó rẹ̀, Alhaja Asiata, ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bàrákàt. Ẹ bá mi na igbá yẹn." Láti ọjọ́ náà ni Alhaji ti ń wá àga.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Àwọn ọmọ ìlú kan tí wọ́n wà lókè òkun fi ẹ̀rọ géèmù kan, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àga ránṣẹ́ sílé, pé kí tọmọdé tàgbà máa fi najú lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n gba gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìtòsí ojú irin, wọ́n sọ ọ́ ní Gbọ̀ngàn Ìgbafẹ́. Ó ku kí wọ́n wá alága. Ẹni tó bá wí lójú Alhaji Rídwàn pé "a ń wá alága" ti rí i nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìṣíde tó sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán, wọ́n sì ń pe ìrun Àsáárì nígbà tó dé ibi tó ti ní "ní kúkúrú."

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "nígbà tí wọ́n ní kí n wá ṣe alága yín, mo pe ara mi sẹ́yìn. Mo bi ara mi pé, 'Rídwàn, ṣé o kúnjú òṣùwọ̀n?' Mo dá ara mi lóhùn pé mo kún un, mo sì tún ṣẹ́ kù."

Akọ̀wé rẹ̀, Olúwadámiláre, pàtẹ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni Olúwadámiláre ní níwájú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an wá sáyé gan-an ni àtẹ́wọ́. Ó lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń sín.

Níbi ọ̀rọ̀ ìṣíde yẹn gan-an ni Alága ti sọ gbólóhùn tó pa á. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ń dùn, ó sì ń tẹ̀ lé e lọ.

"Géèmù Ọ̀gá Réluwé tí gbogbo yín fẹ́ràn yìí," ó ní, "ẹ má rò pé àjèjì ni sí mi. Mo ti gbá a parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá a parí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú mi wà ní dídì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Títí di ọjọ́ náà, Alhaji Rídwàn kò fọwọ́ kan pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù rí. Ó rí ọ̀kan lórí tábìlì nígbà tó wọlé, ó sì rò pé nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni.

Orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ṣe géèmù náà fún un gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ní Ọ̀fà, Ọ̀gá Réluwé là ń pè é. Nínú rẹ̀, awakọ̀ ojú irin kan ló ń kó àwọn ará ìlú tí ogun lé, ó ń gbé wọn gba aṣálẹ̀, ó ń gbé wọn gorí afárá tó ti fẹ́ wó. Ìwọ tó di pádì mú ni awakọ̀ náà. Bóyá nítorí pé réluwé kì í ṣe nǹkan àjèjì fún wa ni o, géèmù náà wọ àwọn ènìyàn lára. Hàlímàt, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí gbọ̀ngàn, ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Ọ̀gbẹ́ni Tèmítọ́pẹ́, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti di ará Ọ̀fà, ló tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé ọkọ̀ náà dé èbúté. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn bí ẹni tó là á já lóòótọ́, Hàlímàt sì gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò Tèmítọ́pẹ́ mẹ́rin fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Alága, ní tirẹ̀, gbé òfin kalẹ̀. Bí òun bá ti wọlé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde, kí ẹni tó ń gbá géèmù sì gbé pádì sókè orí gẹ́gẹ́ bí àmì ìbọ̀wọ̀. Ẹ má bi mí iye ọkọ̀ réluwé tó já sódò tèrò-tèrò ní ọdún náà nítorí pé Alága wọlé wá mu omi. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀. Olúwadámiláre a ké pé, "Olùdáàbòbò wa! Awakọ̀-má-jìn-sí-kòtò!" ọkọ̀ a sì máa jìn sí kòtò lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n wà tí apá kejì fi jáde.

Ìjà sì dé. Nínú apá kejì yìí, àwọn tó ṣe géèmù náà gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ogun ti parí, wọ́n ti tú ojú irin, ọkùnrin náà ti darúgbó, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti abúlé dé abúlé. Gbogbo ayé ló pín sí méjì lórí rẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń bú àwọn tó ṣe é.

"Ọ̀gá Réluwé ni wọ́n pè é," Tèmítọ́pẹ́ ń pariwo ní gbọ̀ngàn. "Réluwé dà? Mo fẹ́ wakọ̀, wọ́n ní kí n fẹsẹ̀ rìn! Ṣé mi ò lè fẹsẹ̀ rìn ní Ọ̀fà níbí lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

"Bùrọ̀dá Tèmítọ́pẹ́, ẹ ò tíì wò ó dé àárín," Hàlímàt dá a lóhùn. "Mo wo ẹni tó ń gbá a lórí fóònù. Omijé mi ta sórí léèsì oníbàárà. Mo ní láti bẹ obìnrin yẹn."

"Ẹkún lo fẹ́ rà? Àlùbọ́sà wà lọ́jà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hàlímàt. Ó ti tóbi ju ọ̀rọ̀ géèmù lọ. Géèmù kan péré ni àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun máa ń rà fún gbọ̀ngàn lọ́dún. Àwọn kan ní kí wọ́n ra apá kejì, àwọn kan ní kí wọ́n ra ti bọ́ọ̀lù. Kí oṣù tó parí, àwọn tó jọ ń rẹ́rìn-ín ti ń jókòó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tèmítọ́pẹ́ kó ṣòkòtò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Aránṣọ náà gé ọ̀kan dé orúnkún, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí ìgbéraga.

Wọ́n gbé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ Alága. Ta ni yóò mọ̀ ju ẹni tó ti fi ojú dídì gbá apá kìíní parí?

Alága mi orí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Èmi yóò gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà, èmi ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń ṣojúsàájú, èmi náà ni n ó máa ta ko ara mi. Títí tí ìwádìí yóò fi parí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà 'kejì' nínú gbọ̀ngàn yìí mọ́. Ọ̀rọ̀ ìjà ni."

Olúwadámiláre tẹ òfin náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ wá wo ìyà. Àwọn ènìyàn ń kà pé "èkínní, èyí tó tẹ̀ lé èkínní, ẹ̀kẹta." Olúwadámiláre fúnra rẹ̀, tó ti ń dọ́gbọ́n lé ipò igbákejì alága, kò mọ bí yóò ṣe pe ipò náà mọ́. Bàbá kan tó fẹ́ kí àwọn ará gbọ̀ngàn bá òun yọ̀ pé ìyàwó òun kejì bímọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ọ̀rọ̀, títí ó fi ní, "Ìyàwó mi, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ o, kò sì sí ẹ̀kẹta, ti bímọ."

Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ti bá Alága. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dájọ́ ohun tí kò mọ̀? Nígbà ayé ọ́fíìsì rẹ̀, kò ní ìṣòro yẹn rárá. Yóò kọ "ẹ tún un gbé yẹ̀wò" sí ara fáìlì, fáìlì yóò sì lọ. Fáìlì yìí kò ní ibi tí yóò lọ. Lójoojúmọ́ ni Hàlímàt ń kí i pé, "Alága, ẹ kú ìwádìí."

Ọjọ́ ọjà Ojoku, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ni Ọlọ́run bá a ṣí ọ̀nà kan. Alhaja rán an lọ ra iṣu. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ló rí pátákó kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ pé Ọ̀gá Réluwé Kejì wà níbí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ra awò ojú dúdú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó fa fìlà bo iwájú orí, ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Ọmọ́bọ́láńlé, ọlọ́yàyà ènìyàn tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ fẹ́ gba iná sí fóònù ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ yẹ géèmù kan wò. Ti ìwádìí ni."

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀rọ yóò béèrè orúkọ, kó lè pa ibi tí ẹ bá dé mọ́ fún yín. Kí ni kí n kọ?"

Alhaji ronú. Orúkọ ńlá tó ní pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lè fọ́ mọ́ ọn lórí. Ó wá rántí èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi pè é láti ọjọ́ tí ìyá náà ti kú. "Kọ Àkànbí," ó ní.

Ọmọ́bọ́láńlé yí pádì náà sókè fún un, nítorí ó dorí rẹ̀ kodò nígbà tó dì í mú. Géèmù bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan dúró létí odò pẹ̀lú fìlà awakọ̀ lórí. Ohun tí ẹni tó ń gbá a níláti ṣe kò ju kó lọ bá àwọn tó ń fọṣọ létí odò, kó tẹ bọ́tìnnì kan láti béèrè ibi tí omi kò ti jìn. Alhaji kò tẹ bọ́tìnnì. Ó rìn wọ odò gbuurugbu. Omi gbé e lọ. Ó padà wá. Ó tún wọ ọ́ níbòmíràn. Omi gbé e lọ.

Nígbà tó di ìgbà kẹsàn-án, Ọmọ́bọ́láńlé kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá Àkànbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn."

"Lọ́wọ́ àwọn alágbàfọ̀? Ọ̀gá ọkọ̀ ni mí!"

"Kò sí ọkọ̀ mọ́, Bàbá."

Ó wọ odò lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ó tó gbà. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì náà, bàbá inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ fìlà, ó kí àwọn obìnrin náà, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn án. Ó la odò kọjá. Alhaji Rídwàn Adétóyè, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba, fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún wáyà fóònù, ó ké pé, "Mo ti kọjá! Ẹ wò mí, mo ti kọjá!" Fìlà rẹ̀ já bọ́.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ó padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà gbogbo tó bá sì ń lọ, Alhaja gbọ́dọ̀ rí ohun tó tìtorí rẹ̀ lọ, nítorí náà iṣu ló ń rà bọ̀. Iṣu kún ilé ìdáná, ó kún abẹ́ àtẹ̀gùn, ó dé pálọ̀.

"Bàbá Bàrákàt," Alhaja Asiata ní, "ṣé ẹ fẹ́ gbé ìyàwó láti Ojoku ni? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ bóyá iṣu ìdána ni mò ń sè."

"Iṣẹ́ ìlú ni, Ìyá Bàrákàt. O ò lè mọ̀."

Ibì kan wà nínú géèmù náà, ní àárín, gẹ́lẹ́ bí Hàlímàt ṣe sọ. Láràárọ̀, bàbá awakọ̀ máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò lọ dúró sí ìdíkọ̀ tí ọkọ̀ kankan kì í yà mọ́. Àwọn ará ìlú mọ̀ pé kò sí ọkọ̀. Wọ́n ṣáà ń kí i ní "Ọ̀gá," nítorí àánú. Òun náà sì mọ̀ pé àánú ni. Lọ́jọ́ tí Alhaji dé ibẹ̀, ó gbé pádì sílẹ̀ sórí itan. Ọmọ́bọ́láńlé bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Awò dúdú wà lójú rẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Níbo ni eruku náà gbà?

Ó mọ̀ wàyí. Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún un mọ́ bóyá géèmù náà yẹ ní rírà. Ó yẹ. Ó gun ọ̀kadà padà sílé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta tí kò nílò.

Ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ni Olúwadámiláre.

"Awakọ̀-má-jìn-sí-kòtò! Mo mú ìròyìn ayọ̀ wá. Mo ti ka àwọn ènìyàn. Àwọn tó kórìíra apá… apá èyí tó tẹ̀ lé èkínní, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, mẹ́sàn-án péré. Àwọn mẹ́tàdínlógún náà ní bí ẹ bá dájọ́ bó ṣe yẹ, àwọn yóò fi yín jẹ Alága Títí Ayé. Àga onítìmùtìmù ni wọ́n fẹ́ rà fún yín."

"Títí ayé?" Alhaji ní.

"Kò sí ìdìbò mọ́, sà. Ó di ikú."

Alhaji Rídwàn dúró. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn: ó dúró pẹ́. Ó ronú nípa bàbá ìdíkọ̀. Ó ronú nípa tìmùtìmù. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá a lẹ́jọ́, ẹ ti jókòó sórí tìmùtìmù rí ni?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ka ìdájọ́ rẹ̀. "Mo ti wo géèmù náà fínnífínní," ó ní. "Kò ní láárí. Awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ mọ́, kí ló tún ń wá láàárín àwọn ènìyàn? Ẹni tí ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sinmi! Ohun ìtìjú ni géèmù náà. A kò ní í rà á."

Àwọn mẹ́tàdínlógún hó yèè. Olúwadámiláre pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Hàlímàt dìde láàárín ariwo náà.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín jà. Níbo ni ẹ ti wò ó?"

"Ní ibi gíga," Alága ní, ó sì jókòó.

Hàlímàt náà jókòó. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò yé e. Bí ẹnì kan bá ní géèmù náà nítòsí, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn lè fojú ara wọn rí i kí wọ́n tó kọ̀wé sókè òkun. Ó ń béèrè kiri lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, títí obìnrin kan láti Ojoku fi sọ fún un pé àbúrò òun ní i ní ṣọ́ọ̀bù. Hàlímàt wọ ọkọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e wá sí Ọ̀fà fún ọjọ́ kan péré. Ọmọ́bọ́láńlé gbà. Kò mọ ohunkóhun nípa ìjà wọn.

Ọjọ́ tó bọ́ sí ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àga onítìmùtìmù fún Alága. Gbọ̀ngàn kún. Alhaja Asiata wà ní iwájú, ó wọ léèsì. Aṣojú àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, Ọ̀gbẹ́ni Ìrètíọlá, wà lórí fóònù tí wọ́n gbé dúró ti ìgò omi, wọ́n ń rí ojú rẹ̀, ó ń rí tiwọn. Alága ti sọ̀rọ̀ dé "kí n tó bẹ̀rẹ̀" nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Hàlímàt wọlé, Ọmọ́bọ́láńlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú báàgì. Inú Ọmọ́bọ́láńlé dùn nígbà tó rí ojú tó mọ̀ láàárín àjèjì. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá Àkànbí! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà! Ẹ ò tún wá lọ́jọ́ ọjà."

Alága wúkọ́. "Arábìnrin, o ṣì mí mú."

"Áà, Bàbá, mi ò lè ṣì yín mú. Mi ò pa ibi tí ẹ dé rẹ́ o, ó wà níbẹ̀." Kò ní èrò ibi kankan. Ó so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tàn án, ó sì fìka hàn án. Orúkọ náà jáde gàdàgbà: Àkànbí. Wákàtí mọ́kàndínlógún ló ti fi gbá a. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàléláàádọ́ta ni odò kan tàbí òmíràn ti gbé e lọ.

Gbogbo ojú yí sí Alhaja Asiata, nítorí òun nìkan ló lè sọ ẹni tó ń jẹ́ Àkànbí. Alhaja wo ọkọ rẹ̀. "Èyí lo kó gbogbo iṣu yẹn wá fún?" ló sọ, kò rántí pé "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín bú jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó dé iwájú, ó wọ inú fóònù, Ìrètíọlá lókè òkun ń rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ṣubú lára ìgò. Ṣùgbọ́n Tèmítọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó dé orúnkún, ojú rẹ̀ le.

"Alága, wákàtí mọ́kàndínlógún. Ẹni tí nǹkan kò dára lójú rẹ̀ kì í fi wákàtí mọ́kàndínlógún ṣe é. Èmi kórìíra géèmù náà, ṣùgbọ́n mo kórìíra rẹ̀ lóòótọ́! Ẹ wá fi apá kìíní hàn wá. Ẹ wá wa ọkọ̀. Ẹ lajú o, ẹ má wulẹ̀ dijú."

Wọ́n fún un ní pádì. Lórí tẹlifíṣọ̀n, réluwé dúró ní ìdíkọ̀, àwọn èrò ti jókòó, wọ́n ń wo iwájú. Alága tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ fun fèrè. Ó tẹ òmíràn, ọkọ̀ fun fèrè. Ó tẹ gbogbo wọn pa pọ̀. Réluwé gbọ̀n, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wọ inú ògiri ìdíkọ̀.

"Awakọ̀-má-jìn-sí-kòtò," ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn. Olúwadámiláre kò pàtẹ́wọ́. Ó ti rọra sún àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ Hàlímàt.

Nígbà náà ni Alhaji ṣe ohun kan ṣoṣo tó ṣe tí mo lè yìn ín fún, ó sì ti pẹ́ jù. Ó gbé pádì sílẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo purọ́," ó ní. "Mi ò gbá apá kìíní rí. Apá kejì ni mo gbá, ó sì dára. Ó pa mí lẹ́kún. Hàlímàt sọ òótọ́, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo sì dójú tì í torí àga. Ẹ foríjì mí."

Wọ́n dìbò kí wọ́n tó tú ká. Ìrètíọlá ka ọwọ́ láti inú fóònù. Alhaji kò rí ẹyọ ọwọ́ kan, àyàfi ti Alhaja, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Hàlímàt di alága. "Olùdáàbòbò wa!" Olúwadámiláre ké. Hàlímàt yíjú sí i, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọ òfin yẹn lára ògiri." Ní ti apá kejì, ẹni mẹ́rìnlá ní kí wọ́n rà á, méjìlá kọ̀. Tèmítọ́pẹ́ wà lára àwọn tó kọ̀. Ó ní òun yóò gbá a parí kí òun lè fi ẹ̀rí bú u. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ṣòkòtò rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Hàlímàt. Hàlímàt kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Alhaji fi wà nílé. Kò lè gba ọ̀nà ojú irin kọjá. Àwọn ọlọ́kadà ń bi í bóyá odò ló fẹ́ kí àwọn gbé e lọ. Ó ń jẹ iyán láàárọ̀, ó ń jẹ iyán lálẹ́, Alhaja kò sì ní kó má jẹ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dìde lẹ́yìn ìrun Àsáárì, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, ó jáde.

Ó padà wọlé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Alhaja jókòó lórí ẹní, ó ń ká aṣọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bàrákàt. Ibẹ̀ lẹ lọ?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n dìde nígbà tí ẹ wọlé?"

"Wọn ò dìde." Ó jókòó tì í, ó mú aṣọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká a. "Wọ́n ní kí n kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni mẹ́fà ló wà níwájú mi. Mo tò sẹ́yìn wọn."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí gan-an," Alhaji ní. "Lẹ́yìn náà ó kàn mí, mo sì gbàgbé pé ó dùn mí."